Orí Kẹfà: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Odò Tí A Jọ Ni? Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Enugu

Òkè tó pín omi

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Onitsha wọ Enugu yóò kọ́kọ́ gun òkè Udi kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sínú ìlú. Òkè yìí ló ń pinnu ibi tí omi àdúgbò náà ń gbà. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilé, apá kan á ṣàn sí iwájú, apá kejì á ṣàn sí ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkè Udi ṣe ń pín òjò. Èyí tó bá bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn yóò wọ odò Ajali, odò Oji àti odò Mamu, yóò bá wọn dé Odò Anambra, yóò sì parí sínú Odò Ọya. Èyí tó bá bọ́ sí ìlà oòrùn yóò wọ Ekulu, Asata, Ogbete, Idaw àti Nyaba, àwọn odò tó la ìlú Enugu kọjá tàbí tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi wọn ń gba ilẹ̀ Nkanu lọ sí Ìpínlẹ̀ Ebonyi, ó ń di ara Cross River, ó sì ń wọ òkun ní ẹ̀bá Calabar.

Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn sínú odò kan náà ni a ó máa pè ní agbègbè odò nínú ìwé yìí. Oko wà nínú rẹ̀, títì wà nínú rẹ̀, ọjà, ṣáláńgá àti ibi ìwakùsà náà wà nínú rẹ̀, nítorí ohunkóhun tí àgbàrá bá lè gbé, odò ló ń gbé e fún. Bí agbègbè odò kan bá tàn dé ìpínlẹ̀ méjì tàbí orílẹ̀-èdè méjì, a ó pè é ní agbègbè odò àjùmọ̀ní. Enugu jókòó sí ibi tí irú agbègbè bẹ́ẹ̀ méjì ti pàdé.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn kí a tó lọ jìnnà. Omi ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ náà ń pèsè fún ìlú, láti Ajali àti odò Oji ló ti ń wá ní pàtàkì, ìyẹn ní ẹ̀yìn òkè, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Àwọn ilé tí ẹ̀rọ kì í yọ fún ń ra omi táńkà tí wọ́n ń gbé wá láti Ninth Mile. Ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí ìlú ń lọ sí ìlà oòrùn, sínú Ekulu, Asata àti àwọn yòókù. Ìlú náà ń mu nínú agbègbè odò kan, ó ń dalẹ̀ sínú òmíràn. Ẹni tó ń mu omi ibi tó ń dalẹ̀ sí yóò tètè pariwo bí nǹkan bá bàjẹ́. Ní Enugu, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn, àwọn tí kò dìbò yan gómìnà Enugu, tí wọn kò sì san owó omi fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso tí a fẹ́ kọ́ nínú orí yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: bí ẹni tó ń ba odò jẹ́ àti ẹni tó ń jìyà rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ ìjọba kan náà, ta ni yóò máa yẹ odò náà wò, ta sì ni yóò dáhùn nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ara odò kò yá?

Ohun tí èédú fi sílẹ̀

Ní 1909 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn, lábẹ́ Albert Kitson, rí èédú ilẹ̀ ní òkè Udi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní Ogbete ní 1915. Nígbà tó di 1916, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Ihò Iva Valley ṣí ní 1917, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé kankan ní Nàìjíríà gbàgbé. Ìjọba dá Nigerian Coal Corporation sílẹ̀ ní 1950. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 dá iṣẹ́ dúró, omi sì kún inú àwọn ihò. Lẹ́yìn ogun, epo rọ̀bì gba ipò èédú nínú ètò ọrọ̀ ajé, rélùwéè yí padà sí ẹ̀rọ dísù, iṣẹ́ èédú sì ń rẹ̀yìn títí àwọn ihò ńláńlá náà fi dákẹ́.

Omi inú wọn kò dákẹ́. Nínú èédú àti àpáta tó yí i ká ni a ti ń rí páíráìtì, ohun tí irin àti imí ọjọ́ so pọ̀ dá sílẹ̀. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní wàhálà kankan fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá wa ihò kàn án, afẹ́fẹ́ àti omi yóò jọ bá a níbẹ̀, imí ọjọ́ yóò di ásíìdì, irin yóò yọ́ sínú omi. Nígbà tí omi náà bá jáde sí gbangba, irin inú rẹ̀ yóò dógùn-ún, yóò sì bo òkúta ìsàlẹ̀ odò ní àwọ̀ osùn. Ásíìdì náà tún ń yọ àwọn mẹ́tà mìíràn kúrò nínú àpáta bí ó ti ń kọjá. Ẹja kò lè yé ẹyin sí irú ibẹ̀, kòkòrò inú omi tí ẹja ń jẹ kò sì lè gbé ibẹ̀. Omi láti ihò Onyeama ń wọ Ekulu, ti ihò Okpara ń wọ Nyaba.

Ohun tó jẹ́ kí irú ìbàjẹ́ yìí le fún ìjọba ni bí ó ṣe ń pẹ́ tó. Páíráìtì lè máa di ásíìdì fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún lẹ́yìn tí awakùsà ìkẹyìn ti gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. Ìlànà tí gbogbo ìwé òfin àyíká fi ń kọ́ni ni pé ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni kó san owó àtúnṣe. Ní Enugu, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wa ihò, ìjọba àpapọ̀ náà ló sì ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí a bá fẹ́ mú ẹni tó jẹbi, ọwọ́ ìjọba kan náà tó yẹ kó mú un ni a ó fà. Ètò àbójútó èyíkéyìí tí kò bá kọ́kọ́ gba òótọ́ yìí mọ́ra yóò máa lé onímẹkáníìkì àti ìyá aláta kiri, yóò sì fi ihò èédú sílẹ̀.

Kì í ṣe pé ìlú fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Pàǹtírí láti àyíká Ogbete Main Market, epo dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Coal Camp, omi ṣáláńgá láti àwọn àdúgbò tí ilé ti fún pọ̀ bí Abakpa, àti omi ilé-iṣẹ́ ní ìhà Emene, gbogbo rẹ̀ ń wá ọ̀nà odò nígbà òjò.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ara odò yá

Ojú lásán lè tan ni jẹ. Omi tó mọ́ gaara lè kún fún ásíìdì, omi tó pọ́n nígbà òjò sì lè jẹ́ ẹrẹ̀ lásán. Nítorí náà a ń wọn nǹkan. Nínú Àfojúsùn Ìdàgbàsókè Aláìlópin ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6.3.2 ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun márùn-ún nínú odò: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú omi, iyọ̀ tó yọ́ sínú rẹ̀, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àti pH, ìyẹn bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Bí ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 àwọn ìwọ̀n tí a mú bá dé ibi tí a fẹ́, a lè sọ pé omi náà dára. Fún Enugu, a gbọ́dọ̀ fi irin àti àwọn mẹ́tà tó wúwo kún un, nítorí èédú, kí a sì fi kòkòrò E. coli kún un, nítorí ìgbẹ́. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fẹ́ kí pH wà láàárín 6.5 sí 8.5, kí irin má sì ju 0.3 mílígírámù lọ nínú lítà kan.

Ẹ̀rọ nìkan kò tó. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé abẹ́ òkúta nínú odò ń rántí ohun tí ẹ̀rọ kò rí. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá da kẹ́míkà sínú omi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí òṣìṣẹ́ ìjọba dé ní àárọ̀ ọjọ́rú, kẹ́míkà náà ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó kú kò ní jí padà kí òṣìṣẹ́ yẹn tó dé. Ẹni tó mọ irú kòkòrò tó yẹ kó wà níbẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí a wọn omi àti ibi tí a ti wọ̀n ọ́n lè yí ìdáhùn padà pátápátá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò dínkù, omi ihò èédú kì í sì í rí omi púpọ̀ tí yóò là á, nítorí náà ásíìdì á le sí i. Nígbà òjò, omi pọ̀, ásíìdì á rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àti pàǹtírí á ya wọ odò. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kejì nìkan yóò dá ihò èédú lẹ́bi, ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹsàn-án nìkan yóò dá ará ìlú lẹ́bi, àwọn méjèèjì á sì ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́. Bákan náà, a gbọ́dọ̀ wọn omi lókè ibi ìwakùsà, nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí odò bá ti la ìlú kọjá, àti ní ààlà Ebonyi. Láìsí ìwọ̀n ti ààlà yìí, ìpínlẹ̀ méjèèjì yóò máa jiyàn títí ayé lórí ẹni tí ìdọ̀tí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ojú púpọ̀ lórí odò kan

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí òfin fún ní iṣẹ́ náà. Nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, nọ́ńbà 64 nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí ni omi láti orísun tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ. Nọ́ńbà 39 nínú àkójọ kan náà ni ọ̀rọ̀ ìwakùsà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń pèsè omi ẹ̀rọ, tó sì ń ṣàkóso ilé kíkọ́ àti àyíká ìlú. Ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí ESWAMA ló ń kó pàǹtírí ní ìlú Enugu. Ẹ wo odò kan ṣoṣo bí Ekulu: ihò tó ń da ásíìdì sínú rẹ̀ jẹ́ ti Abuja, ilé tó ń da ìgbẹ́ sínú rẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, pàǹtírí ọjà wà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Àwọn àjọ tó tún yẹ kó wò ó kò kéré. NIHSA, tí òfin 2010 gbé kalẹ̀, ló ń wọn bí omi odò ṣe ga tó àti bí ó ṣe ń yára ṣàn tó. Òun náà ló ń ṣèkìlọ̀ omíyalé lọ́dọọdún. NESREA, tí òfin 2007 dá sílẹ̀, ló ń fi òfin àyíká múlẹ̀, ìlànà rẹ̀ lórí omi orí ilẹ̀ àti abẹ́ ilẹ̀ sì jáde ní 2011. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí omi ní yàrá àyẹ̀wò omi káàkiri orílẹ̀-èdè, ọ̀kan sì wà ní Enugu. Ẹ̀ka kan wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ohun àlùmọ́nì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí awakùsà má ba àyíká jẹ́. Àwọn onímọ̀ yunifásítì ní Enugu àti Nsukka ti ń tẹ ìwádìí lórí odò Ekulu àti Nyaba jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti àwọn àjọ agbègbè odò fúnra wọn. Ní 1976, ìjọba ológun dá àjọ mọ́kànlá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè odò ní Nàìjíríà. Èrò náà dára: kí odò ṣe ìpìlẹ̀ ìṣàkóso, kí ààlà ìpínlẹ̀ tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí òṣèlú yí i padà. Ní 1984, ìjọba sọ wọ́n di 18 kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ní 1986, wọ́n tún dá wọn padà sí mọ́kànlá. Ìpínlẹ̀ Enugu bọ́ sábẹ́ àjọ Anambra-Imo, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Owerri. Ebonyi náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ń gba Ekulu àti Nyaba kì í dé Odò Anambra, kì í sì í dé Odò Imo. Cross River ló ń lọ, àjọ Cross River sì wà ní Calabar, ó ń bójú tó Ìpínlẹ̀ Cross River àti Akwa Ibom. Nítorí náà, orí omi wà lọ́wọ́ àjọ kan, ẹnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ òmíràn. Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ omi ń lò, tó pín Nàìjíríà sí agbègbè omi mẹ́jọ, fi Cross River sí agbègbè keje, ó sì fi Odò Anambra sí ìkarùn-ún. Àwọn onímọ̀ omi tẹ̀lé òkè Udi. Ìṣàkóso kò tẹ̀lé e.

Ìtàn ìpínlẹ̀ tún dá kún un. Ìpínlẹ̀ Enugu dé ní oṣù kẹjọ 1991. Nígbà náà, Abakaliki wà nínú rẹ̀, gómìnà kan ló sì ń jẹ lórí òkè Udi àti lórí ìsàlẹ̀ odò náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, a yọ Ebonyi kúrò lára Enugu àti Abia. Ohun tí gómìnà kan lè fi ìwé kan ṣoṣo pàṣẹ ní 1995 ti wá di ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ méjì àti ti ìjọba àpapọ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò ní àjọ. Ohun tí a kò ní ni ìwé kan tí gbogbo wọn ń kọ èsì sí, ìlànà kan tí wọ́n fi ń wọ̀n, àti àdéhùn tó sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe bí èsì bá burú. Mo gbà pé èyí ìkẹyìn ló ṣe pàtàkì jù. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé Nyaba ti di ásíìdì, tí kò sì sí ọ́fíìsì kankan tí òfin ní kó dìde láàárín ọjọ́ kan pàtó, àyẹ̀wò náà ti parí sínú fáìlì.

Àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀

Àríwá Nàìjíríà ti kọ́kọ́ rí irú ìṣòro yìí. Ní agbègbè odò Hadejia, Jama'are àti Komadugu Yobe, ìsédò Tiga tí wọ́n parí ní 1974, àti Challawa Gorge tó tẹ̀lé e ní 1992, di omi mọ́ Kano lọ́wọ́, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ fàdámà ní ìsàlẹ̀, títí dé Yobe, sì ń sunkún. Àjọ agbègbè odò méjì ló pín ibẹ̀ láàárín ara wọn pẹ̀lú. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ mẹ́fà, Bauchi, Borno, Jigawa, Kano, Plateau àti Yobe, dá owó àjùmọ̀ní kan sílẹ̀ fún odò náà. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe: wọn kò dúró de ìgbà tí a ó tún Òfin Orílẹ̀-èdè kọ. Ìpínlẹ̀ lè bá ìpínlẹ̀ ṣàdéhùn. Enugu àti Ebonyi náà lè ṣe é.

Ní Yúróòpù, àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ni odò Rhine ti ní ìgbìmọ̀ kan láti 1950. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ náà ń wọn omi, odò náà sì ń bàjẹ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1986, ilé tí ilé-iṣẹ́ Sandoz ń kó kẹ́míkà sí jóná nítòsí Basel ní Switzerland. Omi tí àwọn panápaná lò gbé oògùn apakòkòrò wọ odò, odò pọ́n, ẹja tó gùn bí ejò sì kú lọ jìnnà réré sí Jámánì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mínísítà fọwọ́ sí ètò tuntun ní 1987, èyí tó ní àkókò àti iye tí ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ fi dínkù, pẹ̀lú ètò ìkìlọ̀ tó jẹ́ kí ibùdó òkè odò tètè ké sí ti ìsàlẹ̀. Àárín ìgbìmọ̀ 1950 àti ètò 1987 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí ìyàtọ̀ láàárín kí a máa wọn odò àti kí a máa dáhùn sí ìwọ̀n.

Ọsirélíà kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló jọ ni agbègbè Murray-Darling, gbogbo wọn ló sì ń fa omi rẹ̀ sí oko. Láti 2004, wọ́n gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò ìlera odò náà fún àwọn onímọ̀ aládàádúró tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Nígbà tí ìròyìn àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2008, nínú àfonífojì 23, ọ̀kan ṣoṣo, Paroo, ni wọ́n sọ pé ara rẹ̀ yá. Kò sí ìjọba tí yóò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ìparí 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ẹja tí kò níye kú ní Menindee lórí odò Darling. Ẹni tó ń sọ òótọ́ kò ní agbára lórí ẹni tó ń ṣí omi. Ní 2021, wọ́n yan ọ̀gá àyẹ̀wò kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé gbogbo wọn pa òfin omi mọ́.

Ìhà ìwọ̀ oòrùn àti ìhà ìlà oòrùn

Omi tó bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn òkè Udi wọ agbègbè Odò Ọya, odò tó gùn tó 4,180 kìlómítà, níbi tí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ti ní àjọ kan tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Niamey. Ìgbìmọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ti wà láti àárín àwọn ọdún 1960, àjọ òde òní dé ní 1980, àwọn olórí orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Omi rẹ̀ ní 2008. Àjọ náà ní àwọn ibùdó tí ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ nípa ìwọ̀n omi. Ó ní àìpé tirẹ̀, pàápàá lórí owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í san lásìkò, ṣùgbọ́n tábìlì wà tí a lè jókòó sí.

Ìhà ìlà oòrùn kò ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Láti òkè ńlá Cameroon ni Cross River ti ṣẹ̀ wá, níbi tí wọ́n ń pè é ní Manyu, ó gba Mamfe kọjá kí ó tó wọ Nàìjíríà. Kò sí àjọ tó dà bíi ti Niamey fún un. Ilẹ̀kùn kan ti ṣí o. Cameroon wọ Àdéhùn Omi ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2022, Nàìjíríà tẹ̀lé e ní 2023. Àdéhùn yìí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Helsinki ní 1992, tó sì ṣí fún gbogbo ayé ní 2016, sọ ní abala 11 pé àwọn tó jọ ni odò gbọ́dọ̀ jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò wọ̀n, kí wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú mọ èsì. Nígbà tí Nàìjíríà bá ń béèrè èyí lọ́wọ́ Cameroon, Ebonyi lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ Enugu.

Ohun tí a lè gbé kalẹ̀

Bí a bá ní kí a ṣètò àbójútó fún Ekulu àti Nyaba, kò pọn dandan kí a dá àjọ tuntun sílẹ̀. Àdéhùn kan láàárín Enugu, Ebonyi, Ìpínlẹ̀ Cross River àti ìjọba àpapọ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí yàrá àyẹ̀wò omi ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Enugu máa ṣe àyẹ̀wò, kí àwọn yunifásítì máa tún un yẹ̀ wò, nítorí pé wọn kò sí lábẹ́ kọmíṣọ́nnà kankan. Kí ìjọba àpapọ̀ san ti ihò èédú, nítorí tirẹ̀ ni, kí ìpínlẹ̀ sì san ti ìlú. Kí èsì máa jáde ní gbangba lọ́dọọdún, ní èdè tí àwọn tó ń fọṣọ àti àwọn tó ń pẹja ń sọ. Kí àdéhùn náà sì sọ ọ́ kedere pé bí pH bá sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi kan, tàbí bí ọ́síjìn bá dínkù kọjá ibi kan, ọ́fíìsì báyìí gbọ́dọ̀ ti ṣe nǹkan báyìí láàárín ọjọ́ báyìí. Àwọn tó ń gbé ẹ̀bá odò gbọ́dọ̀ ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ń rí odò lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ kò sì lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

Àwọn kan á ní kò sí owó. Ohun èlò tí a fi ń wọn pH àti ọ́síjìn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó ọkọ̀ ọ̀gá àgbà kan. Òṣìṣẹ́ àti epo tí yóò gbé wọn débẹ̀ léraléra ni owó rẹ̀ ń ju ti ẹ̀rọ lọ, ohun náà sì ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ gé.

Ará ìlú náà ní agbára lábẹ́ òfin. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ìdí rẹ̀, ọ́fíìsì tó gba ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Ní 2018, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch pe ilé-iṣẹ́ epo ìjọba lórí omi àwọn ará Acha ní Ìpínlẹ̀ Abia, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dá a láre pé ẹgbẹ́ aláàánú lè gbé ọ̀rọ̀ àyíká wá sí kọ́ọ̀tù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbàjẹ́ náà kò kàn án tààràtà. Ṣáájú ìdájọ́ yìí, ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti lé dànù lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ Odò Ọ̀ṣun di omi pípọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, odò tó gba igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún ayé ní 2005. Ìjọba àpapọ̀ ló ní àṣẹ lórí ìwakùsà níbẹ̀ pẹ̀lú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni igbó, ìsàlẹ̀ odò sì ń lọ sí ọ̀sà ní ìhà Èkó.

Ẹ mú odò kan tó sún mọ́ ilé-ìwé yín. Ẹ wá ibi tí ó ti ṣẹ̀ àti ibi tí ó ń dé lórí àwòrán ilẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ tí ó gbà kọjá sílẹ̀. Ẹ wádìí àjọ tí òfin ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì yín jọ kọ lẹ́tà kan sí àjọ yẹn lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn, kí ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n rí èsì náà. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí ìdáhùn kò dé, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ bá aṣojú àgbègbè yín nílé aṣòfin, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ ń retí rẹ̀.